Púlọ́ọ̀gì Kẹrin

Ọkọ̀ agbẹ̀bí wà nínú ọgbà ọlọ́pàá, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti wọlé bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ wà ní ọsibítù, ìbàdí rẹ̀ ti kán. Ó ń ya tírélà kan sílẹ̀ lójú òkè ni agbára ẹ́ńjìnnì lọ lójijì, tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú fi kọlù ú.

Mẹkáníìkì tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá náà ti wà látìmọ́lé. Bó bá di aago mẹ́rin ọ̀sán, wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fa ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́. Inú ti ń bí i láti òwúrọ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí yìí ló bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí yóò fimú dánrin.

Ó ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta jáde wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin sá pamọ́ sẹ́yìn páìpù tọ́bò, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ tú páìpù náà. Ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo ẹnu wọn. Ti àwọn mẹ́ta lé ní mílímítà kan. Ti ẹ̀kẹrin kò ju ìdá méje nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ.

Lábẹ́ àga ọkọ̀, ó rí lẹ́tà kan tí agbẹ̀bí kọ sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan ń bomi la oògùn àwọn ọmọdé, ó sì ń ta ojúlówó síta. Ọmọ oṣù mẹ́ta kan ti kú. "Ẹnu ni n óò fi dárúkọ ẹni náà fún yín," bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà parí.

Ó wọlé bá mẹkáníìkì.

"Mélòó lo wọn ẹnu púlọ́ọ̀gì yẹn sí?"

"Ìdá méje, màmá. Gbogbo wọn pátá."

"Kí ló dé tí kì í ṣe mílímítà kan?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Ṣebí ọkọ̀ tó ní tọ́bò ni. Tọ́bò máa ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì ni. Tí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá fẹ̀ jù, iná ò ní lè fò kọjá nínú afẹ́fẹ́ tó ki yẹn. Tẹ́ ẹ bá rọra ń wà á nígboro, ẹ lè má mọ nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójú òkè, á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, màmá. N ò ní fi pa èèyàn."

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta púlọ́ọ̀gì ló gbà lọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ kí i dáadáa. Ó já páálí tuntun mẹ́ta níwájú rẹ̀, ó kó wọn sórí tábìlì. "Ẹ wọ̀n wọ́n fúnra yín, kẹ́ ẹ yéé lé oníbàárà mi." Ìyá Ìbéèrè wọ̀n wọ́n. Kò sí èyí tó ju ìdá mẹ́jọ lọ.

Ilé agbẹ̀bí ló kàn. Ọkọ agbẹ̀bí ti ń pariwo kí Ìyá Ìbéèrè tó jókòó. "Kí lẹ tún ń wá? Ẹ ti mú mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kó jẹ̀bi!" Àbúrò ọkọ náà, tó ń tọ́jú yàrá oògùn ní ilé ìwòsàn agbẹ̀bí, jókòó sí igun, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Omi gbígbóná ló dà sí i, màmá."

"Ṣé o mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀?"

"Èmi kẹ̀? N ò mọ púlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí táyà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "Kí ló dé tó o fi ń purọ́? Ọdún méjì lo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kí ìyàwó mi tó bá ọ wáṣẹ́."

"Irọ́ rẹ ò tiẹ̀ pẹ́ ìṣẹ́jú kan kí òtítọ́ tó bá a," ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Tú báńdéèjì yẹn."

Àpá iná gbọọrọ kan ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ̀ tó páìpù.

"Omi a máa ṣàn káàkiri ni. Kì í fa ìlà. Kò pẹ́ tí agbẹ̀bí dé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìjàǹbá yìí tó o fi ṣí ọkọ̀ náà. O mú kí ẹnu púlọ́ọ̀gì mẹ́ta fẹ̀ sí i. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, páìpù tọ́bò ṣì gbóná, ó jó ọ, o sì fi í sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ṣàṣìṣe, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa bàjẹ́. Ìwọ lò ń bomi la oògùn tó fi pa ọmọ oṣù mẹ́ta. Ìwọ ni agbẹ̀bí ń lọ dárúkọ fún àwọn aláṣẹ nígbà tó gun òkè."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. "Mo kàn fẹ́ kí ọkọ̀ kọṣẹ́ lójú òkè, kó lè padà wálé ni. Mo fẹ́ ráyè bẹ̀ ẹ́. N ò mọ̀ pé ó máa ya tírélà sílẹ̀."

"O mọ̀ pé lójú òkè ni ọkọ̀ náà ti máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́," ni Ìyá Ìbéèrè wí. Ó fi fóònù pàṣẹ kí wọ́n tú mẹkáníìkì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá sì wá mú ọmọkùnrin náà.

Ọmọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nínú ilé. Ìyá kan náà ló bí wa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó nílẹ̀.

"Ọmọ tó kú yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

"N ò mọ̀."

"Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń pè é lójú oorun, tí mò ń bi í léèrè ọmọ ta ni."

Ó fẹsẹ̀ kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́pàá.