Ìfọwọ́sí Ojú Fèrèsé

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni akọ̀wé kọ́kọ́ rí, kò tíì rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀hún gba abẹ́ irin fèrèsé wọlé, àpá ayùn wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó tó gbé ife omi dání.

"Wọ́n ní kí n máa wá fọwọ́ sí ìwé láràárọ̀," ni ohùn kan wí. "Ṣé ibí ni?"

"Ibí ni," ni obìnrin akọ̀wé náà dáhùn, ó wá gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ọkùnrin náà kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ó rù, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì rí játijàti. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, kò sì fi ìtìjú náà ṣe agídí bí àwọn yòókù ti máa ń ṣe. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi. Akọ̀wé na ìka sórí ìlà tó kàn án, ọkùnrin náà fọwọ́ sí i, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó ti lọ tán kí akọ̀wé tó rántí pé ẹlòmíì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún yẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ wọn gbé òfin tuntun jáde. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún dẹ́nu. Àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n tún ń wọlé, kò sì sí èyí tó sàn nínú wọn. Káńsù wá ní kí wọ́n má rán ẹni tí bárakú sún débi olè jíjà lẹ́wọ̀n mọ́, bí kò bá ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kó lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì fún ọdún kan, kó sì máa fọwọ́ sí ìwé lójú fèrèsé káńsù lọ́jọ́ iṣẹ́ gbogbo, kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ láìnídìí, tàbí tó fi èrú fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ń dúró dè é.

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí. Ó já bọ́ láti orí òrùlé, ó fẹ̀yìn ṣèṣe, wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Ìrora lọ, oògùn kò lọ. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ó jí ayùn oníná ọ̀gá rẹ̀ gbé, ó tà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, káfíńtà dá kálàmù padà, ó sì tẹ́tí sílẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Ìjókòó yín ń mì."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Etí mi ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló kúrú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe, kò lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Òfin ò gbà á. A ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Kí ẹ wá máa mì lọ bẹ́ẹ̀?"

"Kí n máa mì lọ bẹ́ẹ̀," ni akọ̀wé wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó di ẹnì kẹta wọn. "Ṣé ìjókòó jí dáadáa?" "Ó jí o, ó ní kí n kí yín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú méjì, káfíńtà á ti yà fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di oṣù kẹta, akọ̀wé ti ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ láàárín ẹsẹ̀ ogún èèyàn. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá sì mọ́, á wẹ̀, á múra, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibi iṣẹ́. Ìfẹ́ ni, ẹ má jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn.

Kò sọ ọ́ jáde. Òfin wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà nílé.

Wọ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi di kọ́kọ́rọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n mú kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ gbọ́ òfin tuntun sétí. "Ìtọ́jú kẹ̀!" ni yóò wí. "Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ kùn ún lóòórùn dídùn, olè ni olè ń jẹ́."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin, káfíńtà dé pẹ̀lú irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Kò tíì mú kálàmù tó fi gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè níwájú fèrèsé.

"Ẹ wò ó."

Ọwọ́ náà dúró ṣinṣin, kò gbọ̀n rárá. Omi lé ròrò sójú akọ̀wé. Ojú káfíńtà ló ń wò nígbà tó na ìka sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ojú akọ̀wé ni káfíńtà náà ń wò nígbà tó fọwọ́ síbi tí ìka wà. Kò sẹ́ni tó wo ìwé nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí fèrèsé, olùyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ọ̀gá káńsù dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé káfíńtà. Ìlà Ọjọ́bọ̀ ṣófo. Ìlà ọjọ́ Ẹtì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì débẹ̀, ti ní ìfọwọ́sí.

"Ẹni yìí kò wá lánàá," ni olùyẹ̀wò wí, "ó wá dọ́gbọ́n fọwọ́ sí tòní sílẹ̀. Èrú pọ́ńbélé!"

Akọ̀wé wo ìlà méjèèjì, ó rántí ìka rẹ̀. Bó bá sọ pé káfíńtà wá, wọn á béèrè ohun tó gbé ìka rẹ̀ débẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́, bàbá rẹ̀ á sì gbọ́. Ibi tó ti ń rò ó ni káfíńtà ti dé, wọ́n sì mú un. Ó wo ìwé, ó wo akọ̀wé, ó yé e. Ó bá wọn lọ. Títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi mọ́, akọ̀wé kò lè jẹun.

Nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé náà, adájọ́ bi káfíńtà léèrè: "Ta ló ní kí o fọwọ́ síbẹ̀?"

"Ọwọ́ ara mi ni, Olúwa mi."

Akọ̀wé ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin yìí fẹ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì nítorí ìka òun! Ó dìde. Wọ́dà wà níjókòó ẹ̀yìn, nítorí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ilé ẹjọ́ ló ti ń wòran. Akọ̀wé rí i, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀.

"Olúwa mi, ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo fi ìka síbi tí kò yẹ. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò wo ìwé."

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló wà lójú rẹ̀ tí ẹ ń wò?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Olúwa mi. Òun kò sọ nǹkan kan sí mi rí."

Àwọn èèyàn hó yèè. Káfíńtà fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

Adájọ́ tú káfíńtà sílẹ̀ kó máa gba ìtọ́jú rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n gbé akọ̀wé kúrò lójú fèrèsé lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ ríra, wọn kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ síra, títí oṣù mẹ́jọ tó kù yóò fi pé. Bí wọ́n bá rú àṣẹ yìí, káfíńtà ń lọ sẹ́wọ̀n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Wọ́dà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: "Màá lọ máa jókòó síwájú fèrèsé yẹn láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí olólùfẹ́ rẹ bá kùnà, èmi ni màá wá sọ fún ọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé dé láti ibi iṣẹ́, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga.

"Ó wá," ni Wọ́dà wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. "Ó wá." Ọ̀rọ̀ kan péré lójúmọ́, òun ni akọ̀wé fi ń gbé ọjọ́ kejì. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé ìwé tó kún wá sí yàrá rẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á ṣí ojú ìwé káfíńtà, á máa fi ìka tọ ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà kò fi àmì kankan kún un, ó pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ń dúró sí i, ó ń gún sí i, akọ̀wé á sì sunkún díẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó wá. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ."

"Ó wá. Ó kí mi."

"Kí lẹ dá a lóhùn, Bàbá?"

"Mo ní 'hùn.'"

Ọjọ́ kan wà ní oṣù kọkànlá tí Wọ́dà kò yíjú sí ògiri. "Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì, kò tíì dé. Ó ti wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, ara ń béèrè oògùn, ó ń bá a jà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo kàn rí i pé mo ti dìde. Mo wà lójú títì, mò ń pariwo pé, 'Sáré, ọmọ yìí, sáré!'" Ó nu ojú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré wá síbi tí wọ́n ní kó wá. Ó wá, ọmọ mi. Ó bá aago mẹ́wàá."

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́jọ pé, akọ̀wé bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó wá," ni bàbá wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Mo ní ó wá."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"O ò gbọ́ nǹkan kan. Wọlé."

Nínú pálọ̀, ìjókòó àtijọ́ ti ojú fèrèsé ni ó kọ́kọ́ rí, èyí tí Wọ́dà ti lọ tọrọ lọ́wọ́ káńsù. Wọ́n dojú rẹ̀ dé. Káfíńtà wà lórí ìkúnlẹ̀ tì í, òòlù lọ́wọ́.

"Mo sọ fún ọ," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni."

Akọ̀wé kò lè sún mọ́ ọn, kò lè padà sẹ́yìn. "Ṣé o ti fọwọ́ sí tòní?"

"Mo ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kò sí ìlà mọ́."

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe láràárọ̀?"

"Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó na ọwọ́, akọ̀wé sì dì í mú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ akọ̀wé ló ń gbọ̀n.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ilé káńsù kan náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n gbé ìwé ìgbéyàwó síwájú wọn. Akọ̀wé na ìka.

"Wo ìwé o," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ìwọ ni kó o wò ó. Ojú rẹ ni mò ń wò."

Wọ́dà dìde lórí àga rẹ̀. Ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó wo ìlà náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Ibẹ̀ ni," ni ó wí. "Ẹ fọwọ́ sí i."