Bọ́ńpà Irin Tí Kòsíbi Fẹ́ Fi Bo Àṣírí

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, bíi ti gbogbo àárọ̀. Ìyá Ajórin ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti tú wáyà iná rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ha ara géètì kan tó ti dógùn-ún. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan ní àdúgbò tó lè jó irin mọ́ irin kí ojú ibi tó jó mọ́ bíi tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó kú, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń dá ṣe é.

Jíìpù àbúrò rẹ̀ ló yà wọlé láìfun fèrè. Èyí ya ìyá náà lẹ́nu, torí àbúrò rẹ̀ yìí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kòsíbi, kì í wọ àdúgbò kí adití má gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ lọ sínú igbó àti sórí òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fọ́nnu pé kò síbi tí jíìpù òun ò lè dé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti mú orúkọ náà fún un. Lọ́jọ́ yìí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì kọ imú ọkọ̀ sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi ṣe bọ́ńpà iwájú. Irin gidi ni o, èyí tó nípọn. Mo fẹ́ ẹ lọ́la."

"Lọ́la? Ṣé irin ni àbí páálí? Ta ló ń lé ọ?"

"Iṣẹ́ ló wà nílẹ̀. Kùkùté igi ló fọ́ èyí tó wà níbẹ̀."

"Èyí tó fọ́ náà dà?"

"Mo ti jù ú nù."

Ìyá Ajórin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iwájú ọkọ̀. Iná apá òsì ti fọ́, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ti wọnú. Ó mọ irin, ó sì mọ bí irin ṣe ń jẹ ìyà. Kùkùté kì í ga, ìsàlẹ̀ ló ń gbá. Ohun tó gbá ọkọ̀ yìí ga tó ìbàdí èèyàn. Ó tún rí i pé wọ́n ti fọ iwájú jíìpù náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì kún fún ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ta ní ń fọ iwájú mọ́tò tí í fi ẹ̀yìn sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni ni, ó bá gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Ó fa páálí yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iwájú ọkọ̀.

"Gbọ́ bí n óò ṣe ṣe é," ó ní. "Páálí yìí ni n óò fi gbé ìrísí rẹ̀ kí n tó gé irin. Ara ṣáásì, egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ni n óò dè é mọ́. Bí mo bá dè é mọ́ ibòmíràn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi okùn fà ọ́ nínú ẹrẹ̀, bọ́ńpà á lọ, ọkọ̀ á dúró. N kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kékeré tó wà lẹ́yìn ibí yìí. Òun ló ń ta àpò afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lólobó pé ìkọlù ti dé. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù, àyà rẹ̀ ni yóò fi gbá sítíárìn. N óò sì ká etí irin náà kó má mú."

"Ẹ má dààmú nípa etí. Ẹ ṣáà jẹ́ kó bo gbogbo iwájú, títí dé ibi iná yìí. Ohun yòówù kí n kọlù, kó má lè ṣe ọkọ̀ mi ní nǹkan kan."

Ìyá Ajórin dáwọ́ dúró. "Ohun tí o bá kọlù ńkọ́? Bọ́ńpà oníke máa ń gbà fún èèyàn díẹ̀. Irin kì í gbà. Egungun onítọ̀hún ló máa gbà."

Kòsíbi ti ń wá tapólì tí yóò fi bo ọkọ̀. Ó ní oòrùn máa ń ba ọ̀dà jẹ́. Oòrùn ò tíì yọ dáadáa.

Nígbà tó lọ tán, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin tí bọ́ńpà àtijọ́ fi rọ̀. Ó rí ọ̀dà búlúù tó ha mọ́ ọn lára. Kùkùté wo ni wọ́n ń kùn ní búlúù? Ó fi èékánná ha á wò. Ó wo ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó mú gíráíńdà, ó lọ̀ ọ́ kúrò pátápátá. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó béèrè ìdí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gé irin, ó ti jó o pọ̀, ó ku bóòtì tí yóò fi dè é. Ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀ ni wọ́n ti ń ta bóòtì. Ọmọbìnrin Tísà ló ni ín. Bàbá rẹ̀ yìí ló kọ́ Ìyá Ajórin àti Kòsíbi ní ìwé kíkà kó tó fẹ̀yìn tì.

"Àbúrò mi, n kò rí ọ lánàá. Bóòtì ńlá mẹ́jọ ni mo fẹ́."

"Ilé ìwòsàn ni mo wà, ẹ̀gbọ́n." Ojú ọmọ náà pọ́n. "Bàbá mi ni. Ọkọ̀ kan gbá wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó sì sá lọ. Inú kòtò ni wọ́n sùn mọ́jú. Àwọn tó ń lọ sóko ló rí wọn."

Ìyá Ajórin sún mọ́ ọn. "Ṣé orí kẹ̀kẹ́ wọn yẹn ni wọ́n wà?"

"Kẹ̀kẹ́ búlúù yẹn náà. Ó ti ká bíi wáyà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pé ká ní wọ́n tètè gbé wọn dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Wọ́n máa gé e lónìí." Ó ń di bóòtì sínú bébà. "Iyè wọn ò sì tíì sọjí. Rẹ́jísítà ni wọ́n ń pè láti àná, orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́. Tí wọ́n bá ti dé orí orúkọ àbúrò yín, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó gbójú sókè, ó wo Ìyá Ajórin. Ìyá Ajórin kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ lásán ni, tàbí ìdẹ.

"Bóòtì mẹ́jọ yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Géètì ni."

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nínú ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn, ó sì dà bíi pé ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tí Kòsíbi dé lọ́sàn-án, bọ́ńpà wà nílẹ̀, wọn ò tíì dè é.

"Ẹ̀gbọ́n, kò tíì tán?"

"Tísà lo gbá."

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà. "Ilẹ̀ ti ń ṣú. Fóònù mi ló dún, mo wò ó. Kí n tó gbójú sókè…"

"Ṣé o dúró?"

"Mo dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n dárúkọ mi. Wọ́n ní, 'Ṣé ìwọ nìyí?' bí wọ́n ṣe máa ń wí ní kíláàsì. Ẹ̀rù bà mí, mo sá." Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ bá mi dè é, torí ọmú ìyá tá a jọ mu. Tí irin bá ti bò ó, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ ọ̀dà kẹ̀kẹ́ Tísà kúrò lára ọkọ̀ rẹ. Láti àná la ti di méjì." Ó ki kọ́kọ́rọ́ jíìpù bọ àpò. "Ká jọ lọ bá ọlọ́pàá, àbí kí n dá lọ. Yan ọ̀kan."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n jọ fi rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kò pariwo. "Ẹni tó bá gbá èèyàn tó sì dúró tì í, tó ké sí wa, ìjàǹbá la ó wádìí," ó ní. "Èyí tó bá sá, tó tún ń tún iwájú ọkọ̀ ṣe láti pa àmì rẹ́, ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀." Ó kọjú sí Ìyá Ajórin. "Ẹ̀yin náà, màmá. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀."

Wọ́n gba jíìpù, wọ́n gba bọ́ńpà náà. Ilé ẹjọ́ rán Kòsíbi lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ajórin pa fún oṣù mẹ́ta. Ìyá wọn kò dá a lóhùn mọ́. Ó ní ọmọ tó fa ọmọ ìyá rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kì í ṣe tòun.

Ìyá Ajórin lọ kí Tísà nígbà tí ara bàbá náà mókun. Bàbá náà jókòó, ọ̀pá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo fura?" ni Tísà béèrè.

"Ọjọ́ Ajé ni, sà."

"Ọjọ́ wo lo sọ̀rọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án."

"Ọmọ mi jókòó tì mí nílé ìwòsàn láàárín ìgbà yẹn, kò mọ ẹni tó gbá mi. Gbogbo ẹni tó wọlé wá kí mi ló ń fura sí. Títí dòní, kò tíì ṣíwọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù máa dún, ẹ má wò ó. Bí ẹ bá gbá èèyàn, ẹ dúró. Ẹ gbé àmì sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ mìíràn má bàa gorí rẹ̀. Ẹ má fà á, ẹ má gbé e dìde bó ṣe wù yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ irin àti oníṣẹ́ ọ̀dà, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó fọ́ wá tí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé e wá kò bá ibi tí ọkọ̀ náà ti fọ́ mu, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ má fi ìfẹ́ bo ìwà ìkà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kì í hù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú kòtò lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣì lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ́la, bí ẹni tó gbá a bá dúró.