Mo Ní Kò Mì

Fáàfù ńlá tó ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń tì í tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Páìpù ń jó bí ẹni gbọ́ ìlù, ilẹ̀ abẹ́ bàtà wọn sì ń mì.

"Ẹyinjú, sún mọ́ mi," ni àǹtí rẹ̀ wí. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni àǹtí yìí. Òun ló ń tún fáàfù ṣe níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, òun ló sì bẹ ọ̀gá kí Ẹyinjú lè wá kọ́ṣẹ́ kí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ tó dé.

"Epo gbígbóná àti gáàsì ló jọ ń gba ibí kọjá. Bí wọ́n bá pò pọ̀ dáadáa, kò síjà. Àmọ́ bí gáàsì bá dá wá, tí epo tún dá wá, ńṣe ni wọ́n á máa gbá fáàfù yìí ní ẹ̀ṣẹ́. Ọwọ́ géèjì tó ń wọn ipá epo lẹ́yìn ògiri yẹn á máa fò sókè sódò. Tí kò bá mì, á jẹ́ pé ara fáàfù gan-an ni nǹkan ti tú. Má gbójú kúrò lára rẹ̀ títí n ó fi pè ọ́."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Kò tíì pẹ́ tó dúró ti géèjì náà tí Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, fi yọ́ wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Géèjì lò ń wò bí ẹni wo sinimá? Wá wo ohun táwọn ọmọ kíláàsì wa gbé jáde!"

Ẹyinjú ní òun á kàn yọjú wò ó ni. Ẹ̀rín gbé e lọ, ó gbàgbé ibi tó wà.

"Ẹyinjú! Ṣé ó mì?"

Ó bojú wo géèjì. Lásìkò náà gan-an, ọwọ́ géèjì dúró jẹ́ẹ́.

"Kò mì, Àǹtí!"

"Látìgbà tó o ti dé ibẹ̀?"

Ẹlẹ́rìn-ín mi orí sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!"

Àǹtí gbà á gbọ́. Òun àtàwọn òṣìṣẹ́ ti páìpù pa, wọ́n tú fáàfù palẹ̀, wọ́n fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, wọ́n sì dá a padà. Nígbà tí epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Ẹyinjú ti padà sídìí géèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣẹ́jú. Ọwọ́ géèjì fò dókè, ó já wálẹ̀, ó tún fò.

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ariwo páìpù gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó sáré yípo, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ gáàsì àti epo ti kán páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù. Epo gbígbóná tú sí Àǹtí lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹyinjú dúró, kò mọ ibi tó lè dì mú lára ẹni tó ń jóná.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní ọwọ́ ọ̀tún náà lè má di sípánà mú mọ́. Ẹyinjú kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fi ṣiṣẹ́," ni Àǹtí wí. "Ká ní o sọ pé o ò wò ó ni, ǹ bá kàn ní kó o tún un wò."

Kò bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹyinjú gbé ife sí i lẹ́nu, ó sì ń wò ó bó ṣe ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ti wá yé e pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé òun ò rí ohun tí òun ò rí, àti pé irọ́ kékeré lè ṣe ara ẹlòmíì léṣe. Ṣùgbọ́n yíyé tó yé e kò mú ìrora Àǹtí fúyẹ́ rárá.