Wúrà àti Asẹ́ Omi Màmá Adédèjì

Omi tí èèyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ fún wa pé omi ọ̀hún lè kọ́kọ́ fọ́n síni lójú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́jọ́ tí Wúrà kọ́kọ́ fojú kan Ọmọ́níyì. Wúrà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì nínú ọgbà ilé kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, ó ń de ọmọrí asẹ́ omi tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sójú páìpù. Kò tíì dè é le tí ẹnì kan fi ṣí omi láti ẹ̀yìnkùlé. Pàá! Ọmọrí fò, omi sì dà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i?" ni Wúrà fi igbe ta.

Ọkùnrin gíga kan sáré yọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. "Ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti ṣe tán ni!" Bó ti fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú páìpù, omi yí sí òun náà. Nígbà tí Wúrà fi máa rí omi pa, àwọn méjèèjì ti rin gbingbin.

"Ẹ̀ńjìnnía," ni ọkùnrin náà wí, ó ń nu ojú, "ẹ ti ṣe ìrìbọmi fún mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bóyá ọwọ́ tó ń ṣí nǹkan láìbéèrè á ronú pìwà dà."

Ẹ̀rín bú. Ìfẹ́ sì rí ọ̀nà wọlé.

Ọmọ bíbí Oǹdó ni Wúrà, bàbá rẹ̀ ń ṣe káfíńtà níbẹ̀. Iṣẹ́ omi lòun kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Yanrìn pọ̀ nínú omi kànga ẹ̀rọ àdúgbò yẹn. Bí a kò bá sẹ́ ẹ, yanrìn a dí àwọn ẹnu tín-ín-rín tó ń fọ́n omi sórí kóríko, kóríko a sì kú. Wúrà kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ bò. "Asẹ́ tí mo bá fi ọwọ́ ara mi de," a máa wí, "yanrìn tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, kó wá gbàyè lọ́wọ́ mi."

Màmá Adédèjì, ìyá Ọmọ́níyì, ló ni ilé náà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin kóríko ọ̀hún.

"Ní gbogbo Sátidé, mà," ni Wúrà kọ́ ọ, "ẹ pa omi, ẹ tú ọmọrí, ẹ yọ asẹ́ inú rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sì dá a padà."

Màmá mirí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹni tó ń kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni Ọmọ́níyì, olùkọ́ ìṣirò, ti ń pe Wúrà lórí fóònù ṣáá. "Asẹ́ yìí ń ké o."

"Asẹ́ kì í ké."

"Orúkọ rẹ ló ń pè."

Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Ọmọ́níyì wá lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Wúrà wà, ó ń bọ̀ wá kí wọn, tó fi gbọ́ ohùn Màmá láti inú ilé:

"Púlọ́ńbà! Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo rán ọ lọ, ẹni tó ń fi orúnkún wọ́ nínú ẹrẹ̀ lo rí fẹ́?"

Wúrà yí padà láìkànlẹ̀kùn. Oǹdó ló gbà lọ.

Bàbá rẹ̀ ń fá pákó lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi oríkì rẹ̀ àti ti Oǹdó kì í:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-fá-pákó-títí-ó-dán,
Ọmọ Ekìmọ̀gún tí kì í sá fún iṣẹ́,
Ọwọ́ rẹ wọ ẹrẹ̀, omi ẹlòmíràn mọ́.
Ta ni yóò wá fi ẹrẹ̀ bú ọ?"

Omijé Wúrà gbẹ. Bàbá ní: "Ìyá ọkọ tó bá fẹ́ ọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wá tọrọ rẹ nínú àgbàlá yìí. Bí kò bá wá, má wọ ilé rẹ̀ bí ìyàwó. Ṣùgbọ́n má bá a jà o. Bí omi ti nílò asẹ́, bẹ́ẹ̀ lẹnu èèyàn nílò rẹ̀."

Ọmọ́níyì bẹ̀ ẹ́ títí. "Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù, ká fẹ́ ara wa."

"Olólùfẹ́ mi, èmi kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀," ni Wúrà dáhùn. "Sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn. Màá dúró."

Ó sọ ọ́. Màmá kàn pòṣé ni.

Ọyẹ́ dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìrántí olóògbé lórí kóríko náà ni Màmá fúnra rẹ̀ pe Wúrà. Wúrà dé, ó bá Màmá láàárín àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta tó wá bá a ṣètò.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ! Kóríko ọkọ mi ti gbẹ."

Wúrà kí wọn tán, ó tú ọmọrí. Òfìfo! Kò sí asẹ́ nínú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí i lójú fèrèsé ilé ìdáná. Asẹ́ ọ̀hún dúró gbọnrangandan, ṣíbí kún inú rẹ̀.

Màmá kò fọ̀ ọ́ rí. Nígbà tí asẹ́ dí tí omi ń ṣe tó-tó-tó, ó yọ ọ́, omi sì tú jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá rí i pé ihò ara rẹ̀ ń jẹ́ kí omi ṣíbí ro dáadáa.

Ojú Màmá tẹ̀ lé ojú Wúrà dé ibi fèrèsé.

"Kí ló fà á?" ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ béèrè.

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Wúrà. Ó rántí ìmọ̀ràn bàbá rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Yanrìn ni, mà. Màá tún un ṣe."

Ó fi asẹ́ mìíràn sí i. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ yanrìn nínú àwọn ẹnu tín-ín-rín tó ń fọ́n omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, méjìlélógún. Ó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́ bó ti ń ṣe é. Nígbà tó ṣí omi, gbogbo wọn fọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kóríko ti ń rú ewé. Lọ́jọ́ náà, Màmá jáde bá a, asẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ṣíbí nínú rẹ̀ mọ́.

"O rí i lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí i, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Iṣẹ́ mi ni mo wá tún ṣe, mà. Mi ò wá dójú tì yín."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi jẹ ọmọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá níyà. Èmi gan-an ni mi ò wá ṣe tèmi." Ó yíjú sí Ọmọ́níyì tó ń ti ilé-ìwé bọ̀. "Mo ti sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé èmi ni mo yọ asẹ́. Mo sì sọ ọwọ́ tó mú kóríko bàbá rẹ sọjí fún wọn."

"Ọwọ́ púlọ́ńbà ni o, Màámi," ni Ọmọ́níyì fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Pa ẹnu dé. Ẹ̀ńjìnnía ni."

Wúrà rẹ́rìn-ín, ó gbé orí sókè bí ọmọ Ekìmọ̀gún. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì dì í mú.

"Wúrà mi, bí a bá ti ṣe ìrántí tán, jọ̀ọ́, mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ ní Oǹdó."