Alágbàfọ̀ Inú Káàdì

Ọwọ́ ọ̀tún ni obìnrin inú káàdì yẹn fi di áyọ́ọ̀nù mú nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ òsì ló wà. Mo di ojú, mo là á. Ọwọ́ òsì náà ni. Ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Alágbàfọ̀ ni mí, iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí mi bá. Ohun tí mo sọ sókè ni pé, "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé ṣeré. Èmi náà ì bá ti pààrọ̀ ọwọ́." Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ ni orí mi tó wú, tí gbogbo irun ara mi dìde.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé sítáàṣì ti wọ̀ mí lórí.

Oníbàárà mi kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlòkù, nítorí pé ẹrù àlòkù ló ń tà: àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé, aago tó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tí eku ti kà ju èèyàn lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ kò sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tí bọ́tìnì rẹ̀ pé. Mo máa ń bi í pé, "Àlòkù, ṣé o máa ń jẹ bọ́tìnì ni?" Á kàn máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé agolo bísíkíìtì kan lé orí aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ wá. Káàdì àtijọ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, irú èyí tí àwòrán máa ń wà lójú rẹ̀, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ sí ẹ̀yìn, tí wọ́n á lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfi sínú àpòòwé. Ẹni tó bá wù lójú ọ̀nà, kó kà á.

Mo pa áyọ́ọ̀nù, a jókòó tì wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò lè purọ́. Kì í ṣe ọba tàbí olówó ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Aránbàtà kan kó ìṣó sẹ́nu, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa la dí i lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kan ń to ẹja sínú àpótí, wọ́n ń fi nǹkan kan rẹ́rìn-ín tí a ò ní mọ̀ láéláé. Onígbàjámọ̀ kan na abẹ sókè bí ẹni fẹ́ dá orin, oníbàárà rẹ̀ sì ti di àga mú gírígírí. Àlòkù ń ka ẹ̀yìn wọn fún mi. "Mo dé láyọ̀. Òtútù ibí kì í ṣe kékeré." "Iṣẹ́ tuntun dára, ọ̀gá ni kò dára." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti bu omi fún àwọn adìyẹ." Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

"Àmọ́ èyí gan-an ló gbé mi wá, Àǹtí," Àlòkù wí, ó sì fa ọ̀kan yọ. "Ẹ wo ilẹ̀kùn yẹn."

Ilẹ̀kùn wa ni. Òkúta tó sán lókè rẹ̀ náà nìyẹn, tí bàbá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún ṣe. Àwọn alágbàfọ̀ obìnrin tò síwájú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ohun èlò tirẹ̀, abọ́ ìfọṣọ, apẹ̀rẹ̀, igi ìsáṣọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti dà bí èéfín, ojú kò hàn, imú kò hàn. Ẹyọ obìnrin kan tó wà láàárín, tó di áyọ́ọ̀nù mú, òun nìkan ló hàn kedere. Èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣe àwọn tó kù?"

"Wọ́n mira ni. Onífọ́tò ayé ìgbà yẹn, á bo orí mọ́ abẹ́ aṣọ dúdú, á ní kí ẹnikẹ́ni má mira títí òun ó fi sọ pé ó tó. Ẹni tó bá mira, èéfín ló máa dà. Obìnrin yìí nìkan ló dúró."

Mo bá a rán bọ́tìnì sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi dúpẹ́, mo sì lẹ káàdì náà mọ́ ògiri lókè tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí mo bá áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ òsì.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ògiri mọ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti fi ara lé ẹsẹ̀ kejì, bí ẹni tí ìdúró ti sú. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kò sí níbi tó ti ń wò tẹ́lẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù wa ló ń wò. Mo fi ìka tọ ojú rẹ̀ láti ibi káàdì, àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo já sí. Àga bàbá mi.

Gbogbo èèyàn ń pe bàbá mi ní Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í fọ aṣọ mọ́, àmọ́ wọn ò gbà kó sú wọn. Orí àga ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba: "Ẹ má jó kọ́là yẹn o! Ta ló kó funfun mọ́ aláwọ̀?" Àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù wọn ju ọlọ́pàá lọ. Òtútù ló mú wọn lọ́sẹ̀ yẹn, wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí káàdì náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ara ti yá. Kí wọ́n tó jókòó ni ojú wọn bá ògiri.

"Ta ló gbé e wá síbí?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ wọn.

"Ta ni, Bàbá?"

"Yọ ọ́. Jó o níná."

"Bàbá, ta ni?"

Wọ́n jókòó. Wọn ò wò mí. "Ìyá mi ni," wọ́n ní.

Ní ilé wa, ẹnì kan kì í dárúkọ ìyá Bàbá. Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni pé ó sá lọ, ó sì tán. Ọ̀sán yẹn ni Bàbá tó sọ èyí tó kù. Ọmọdé tí kò tíì lè de okùn bàtà ni wọ́n nígbà náà. Ìyá wọn gbé wọn fún aládùúgbò láàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀ kíákíá. Onífọ́tò kan wá sí ibi iṣẹ́ ìyá wọn, ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni, ó to gbogbo alágbàfọ̀ síta, ó ní kí wọ́n má mira. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò àti alágbàfọ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Gbogbo wọn sáré lọ kó aṣọ lórí okùn, onífọ́tò náà sáré kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin yẹn padà dé, wọn kò bá ìyá Bàbá níbẹ̀, wọn kò bá áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀. Ni ẹnu ayé bá ní ó bá onífọ́tò lọ.

"Ó fi mí sílẹ̀ bí aṣọ tí olówó rẹ̀ kò padà wá gbà," Bàbá wí.

Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Ṣé ẹ rí i, bàbá mi dàgbà tán, wọ́n rówó, wọ́n sì lọ ra ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an. Wọ́n máa ń sọ pé owó rẹ̀ ló wọlẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Èèyàn kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Wọ́n ń dúró dè é ni. Wọ́n ti ń lọ sí òpin ayé wọn báyìí, èmi kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ìkorò yẹn lọ.

Mo yíjú sí káàdì. Ojú ọ̀run inú rẹ̀ ṣú. Èéfín ni gbogbo àwọn tó sáré.

"Bàbá, onífọ́tò yẹn, ṣé ó sọ pé ó tó?"

"Kí ni?"

"Ó ní kí wọ́n má mira títí òun ó fi sọ pé ó tó. Òjò dé, ó sá lọ. Ṣé ó rántí sọ ọ́?"

Bàbá gbé ojú sókè wo káàdì náà.

"Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ẹni tó máa ń gbọ́ràn ni?"

"Aládùúgbò máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀," Bàbá wí, jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní tí ọ̀gá bá ní kó máa lọ aṣọ, tí ọ̀gá bá gbàgbé láti dá a dúró, á lọ tábìlì náà pẹ̀lú."

Òótọ́ ni pé ó bá onífọ́tò lọ. Inú àpótí tó fi ń ya fọ́tò ló wà bá a lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ nípa adìyẹ.

Mo dúró níwájú ògiri. "Ìyá àgbà, ó tó o!" Kò sí nǹkan kan. Mo fi ohùn ọ̀gá sọ ọ́, mo fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́. Lójú mi báyìí, lọ́sàn-án gangan, ojú obìnrin náà kúrò lára àga, ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró sójú Bàbá. Ọ̀pá Bàbá já bọ́.

"Ẹ̀yin ló ń retí," mo wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ sọ ọ́ fún wọn."

"Ẹni tó mọ̀nà lọ, kó mọ̀nà bọ̀."

"Bàbá, wọn ò mọ̀nà ibì kankan lọ. Wọ́n dúró ni."

Wọ́n di apá àga mú, wọ́n dìde. Wọ́n fi ọwọ́ kan etí káàdì náà. Ohùn tó jáde lẹ́nu wọn, èmi ọmọ wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohùn ọmọdé ni.

"Ìyá, ó tó. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Òórùn èédú ló kọ́kọ́ dé. Áyọ́ọ̀nù oníná là ń lò, èédú kò wọ ṣọ́ọ̀bù yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nínú káàdì, àárín àwọn èéfín yẹn ṣófo, ilẹ̀ kékeré kan tó gbẹ ló kù níbẹ̀, òjò ti rin gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wa, ẹnì kan gbé irin kalẹ̀ sórí tábìlì, gbì. Ara mi kọ̀ láti yí padà. Mo fi tipátipá yí i.

Ọ̀dọ́bìnrin ni. Àkọ́bí mi jù ú lọ. Ìyá bàbá mi sì ni, mi ò mọ̀ bóyá kí n ní "ìwọ" ni àbí "ẹ̀yin". Òjò tí kò rọ̀ níta wa lọ́sàn-án yẹn ti kán sí èjìká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra apá, ó wo ẹ̀rọ ìfọṣọ mi, ó yọ ṣùtì sí i. Ó wá rí arúgbó tó dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kánjú ni. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, kò tíì jẹun. Ẹ ò rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi?"

Ọ̀gá Àgbà tí ẹnu wọn kì í sinmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n rí bi í. "Kí lẹ̀ ń pe ọmọ náà?"

"Òròmọ," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Kì í kúrò lẹ́yìn mi, bí òròmọ adìyẹ."

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ọ̀gá Àgbà, òròmọ adìyẹ!

Bàbá sọ ara wọn kalẹ̀ sórí orúnkún, tòun ti èyí tó máa ń dùn wọ́n. "Ẹ má tẹ orúnkún fún mi, ìyá mi. Èmi rèé. Èmi ni Òròmọ."

Ó wò wọ́n. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó fi tẹ irun òkè ojú Bàbá, èyí tí kì í gbà láti sùn sílẹ̀, bí ẹni ń tẹ kọ́là. Irun funfun náà tún dìde. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dìde. Ó wo orí wọn tó pá, ó wo ìka ọwọ́ wọn tó ti ká kò, ó wo ọkọ̀ tó ń kọjá níta. Mo rí i bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ojú ọmọbìnrin yẹn díẹ̀díẹ̀.

"Òròmọ," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní kí n má mira ni. Mi ò pẹ́ jù, àbí?"

Bàbá mi kì í purọ́. Tí oníbàárà bá pe ìjẹta ní àná, wọ́n á bá a jà. Wọ́n gbé orí lé aṣọ iṣẹ́ tó tutù yẹn, omijé ń ṣàn, ẹ̀rín ń jáde.

"Rárá o, ìyá mi," wọ́n ní. "Ẹ ò pẹ́ rárá."