Ìkorò Tó Kúrò Lára Ọ̀gànwó

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní agbára àtifi kún un. Ó ti rẹ̀ mí.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá ni ibà dá ọkọ mi, Husseini, dúbúlẹ̀. Iṣu wà nínú ilẹ̀, koríko ti bo ìdí kájú, kò lè dìde. Oògùn tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn ní Bassila tán, ibà kò lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi sùn dáadáa.

Ọ̀gànwó kan wà létí oko wa ní Manigri. Èèpo rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń bó fi se àgbo ibà. Wọ́n ti bó o títí, ó ku ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. A kì í bó igi yípo. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gànwó mìíràn jìnnà, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi mọ́. Mo yọ àdá, mo bó ìyókù.

Bí mo ṣe bó o tán, àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ọ̀sán gangan, igbó pa lọ́lọ́.

Mo sè é. Omi rẹ̀ pọ́n bó ṣe yẹ. Husseini mu ún, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ìyá Zouléha, omi lásán lo fún mi."

Mo tọ́ ọ wò. Omi lásán ni. Mo tún un sè. Omi lásán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti tutù, ibà ti lọ. Ó bu omi mu, ó gbé ìyókù fún mi. Mo gbé e sẹ́nu, mo tu ú dànù. Ó korò bí òróòro.

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn ń korò. Iṣu tó wa korò. Zouléha ọmọ wa kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Husseini fúnra rẹ̀ kò mọ ìkorò kankan lẹ́nu.

Rùmáísà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gun zémìjàn, alùpùpù akérò, wá láti Bassila. Ó kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń yọ oògùn lára ewé àti èèpo igi. Ó mú èèpo náà lọ yẹ̀ wò. Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

"Màmá, ṣé ọ̀gànwó ni lóòótọ́?"

"Ìwọ náà kò rí igi náà ni?"

"Ohun tó ń mú un korò, tó ń lé ibà, kò sí níbẹ̀. Igi ìdáná ni."

Ó wo Husseini. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi òwú nu òógùn yín lọ yẹ̀ wò."

Husseini mi orí pé rárá. Rùmáísà lọ. Kò padà wá mọ́.

Rabiatou aládùúgbò wa, tó ti gbọ́ nípa ìkorò ọwọ́ Husseini, ló kọ́kọ́ gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wá. "Bàbá Zouléha, ẹ dákun, ẹ ṣáà ti ọwọ́ bọ omi yìí." Ọmọ náà mu ún, ó sunkún nítorí ìkorò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ṣeré.

Ni wọ́n bá ń wá láti Pénéssoulou, láti Doguè. Bí wọ́n ṣe ń sàn ni ọkọ mi ń rù.

"Bí mo bá ti ọwọ́ bọ omi," ó ní, "ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń bó mi."

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ó ní kí n sọ fún wọn pé òun kò sí nílé. Mo jáde. Djamilatou, obìnrin ará Doguè kan, ló wà níwájú, ó pọn ọmọbìnrin rẹ̀. Mi ò tíì sún mọ́ wọn tí ooru ara ọmọ náà fi kàn mí. Mi ò lè sọ pé kò sí nílé. Mo wọlé, mo pe ọkọ mi. Ó wò mí pẹ́. Ó dìde.

Ó ti ọwọ́ bọ omi. Ọmọ náà mu ún, ó lá ètè.

"Ó dùn," ó ní.

Mo gba ife náà, mo tọ́ ọ wò. Ó dùn bí oyin. Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lọ́rùn. Ó ṣì ń gbóná.

"Ẹ tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́," Djamilatou ń bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tún dùn. Lẹ́yìn Djamilatou, àwọn yòókù dúró, olúkúlùkù pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀.