Ta Ló Dá Màámi Lóhùn?

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó lọ bá Alhaja Khairiyyah, onílé kan ní Olówógbowó. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ, obìnrin náà kì í sì í bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Ọláyẹmí, ayálégbé rẹ̀, ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Báńkọ́kì ló ti ń rajà lọ́dún tó kọjá tí ìyá rẹ̀ fi pè é láti Iléṣà. Ọwọ́ rẹ̀ dí, kò gbé fóònù. Ó ní òun á pè padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá ti kú. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, fóònù náà ni yóò máa dún létí rẹ̀.

Kó tó wọkọ̀ òfuurufú padà, òjò lé e wọ ilé ìsìn Búdà kan. Àlùfáà àgbà kan rí ẹkún lójú rẹ̀, ó kọ́ ọ ní ìjókòó.

"Pa ojú dé, máa ka èémí rẹ. Ohun tó bá dé, má lé e. Ohun tó bá ń lọ, má dì í mú. Ohunkóhun tó bá pè ọ́, má dáhùn. Ọ̀nà tí Búdà tọ̀ tí ojú inú rẹ̀ fi là nìyẹn."

Nígbà tó délé, Ọláyẹmí pinnu láti jókòó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi méje, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láìyẹ ọ̀kan. Ọmọ òṣómàáló sì ni. Àwọn baba rẹ̀ kì í dìde lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà láìgba owó àwìn tí wọ́n wá gbà.

"Ìjókòó wo nìyẹn?" ni Alhaja wí. "Èèyàn á kí ọ, o ò ní dáhùn?"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ ṣáà má kí mi."

Ó di ọjọ́ Ìsinmi keje, agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ọjà ti tì. Ilé dákẹ́. Ó ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan ń wọ́lẹ̀, bíi ti ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Òórùn rọ́ọ̀bù tí ìyá máa ń fi pa orúnkún gba gbogbo yàrá kan. Ẹnìkan jókòó tì í lórí ẹní.

"Yẹmí, o kú ìjókòó."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà á dé eegun. Ṣé òun yóò tún jẹ́ kí ìyá pe òun lásán? Ahọ́n rẹ̀ ń yún un. Ó di eyín pọ̀. Ení. Èjì.

"Yẹmí, mo ní o kú ìjókòó."

Omijé ń ṣàn sí i láyà. Kò lanu. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Nígbà tó yá, ẹni náà dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ. Ọkàn Ọláyẹmí rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó la ojú, ó fọwọ́ kan ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣì gbóná.

Alhaja gòkè wá.

"O ní kéèyàn má kí ọ. Ìyá wo lo wá dá lóhùn?"

"Èmi? Mi ò lanu, Alhaja."

"Mo wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mi ò rí ẹni tó kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ ketekete. O ní, 'Ẹ kú àbọ̀, Màámi. Ẹ má bínú.'"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọláyẹmí sun oorun àsùnwọra, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyá ti kú. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bó ti jí ni ìbéèrè náà jí: ta ló dáhùn?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé ẹní. Alhaja bẹ̀ ẹ́ kó má dán an wò. Ọláyẹmí ní òun á dé ìdí rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó pa ojú dé. Kò tíì mí lẹ́ẹ̀kan tí ẹnìkan fi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́:

"O kú ìjókòó."

Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

Kò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ení.